Mo Gbé Ti Bàbá Sókè

Àpótí náà dé láti Jámánì lọ́jọ́ Àìkú.
Dúrótoyè fi ọ̀bẹ ya á lójú mi,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣí aṣọ lójú ọmọ tuntun.
Sípíríǹgì mẹ́rin, pupa bí ata rodo,
sálẹ́ńsà tó ń dán, tó o lè fi wo eyín,
fílítà afẹ́fẹ́ tó rí bí olú ẹ̀bá ọ̀gán,
àti ẹ̀rọ kékeré kan, kò ju páálí ìṣáná lọ,
tí wọ́n ní yóò bá ọpọlọ ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀.
Mo ní, "Kí ni yóò sọ fún un?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Yóò ní kó má bẹ̀rù mọ́."

Gọ́ọ̀fù ni ọkọ̀ náà, dúdú, ilẹ̀kùn méjì.
Ó ti sáré lójú títì tí kò ní kòtò
kó tó gba orí òkun wá bá wa l'Ákùúrẹ́.
Ó ní lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó,
ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ yìí kì í sùn
títí yóò fi tú u palẹ̀, tí yóò tún un tò.
Eléyìí á pààrọ̀ búréèkì, tọ̀hún á pààrọ̀ rímù,
wọn á kóra jọ láàárọ̀ Sátidé,
wọn á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn á máa kí ara wọn kú iṣẹ́.
Ojú rẹ̀ ń tàn bó ṣe ń rò ó.
Èmi ń wá sípánà mi lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Mo mọ bàbá rẹ̀.
Lọ́dún tí kòkó gbówó lórí,
Akíngbàsọ̀ wa Píjò rẹ̀ wá síbí, lọ́nà Ọ̀dà,
ó ní, "Gbé e sókè fún mi.
Ọ̀nà Ìdànrè kì í wojú ẹnikẹ́ni."
Mo fi ewé irin mẹ́ta kún sípíríǹgì ẹ̀yìn,
ọkọ̀ dìde, ó na ìdí sókè bí ewúrẹ́ tó fẹ́ kàn.
Àpò kòkó mẹ́rìnlá, àwọn alágbàṣe lórí rẹ̀,
kò fi ikùn kan ẹrẹ̀.
Owó yẹn ló rán ẹ̀gbọ́n Dúrótoyè lọ sí Jámánì.
Ẹ̀gbọ́n yẹn ló wá fi sípíríǹgì pupa ránṣẹ́
pé kí n rẹ ọkọ̀ sílẹ̀.

Ọwọ́ kan náà.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é.
Nígbà tí mo sọ jáàkì kalẹ̀, ọkọ̀ jókòó,
ìka méjì kò lè gba àárín táyà àti ara rẹ̀.
Ó ṣíná. Ó kùn bí ẹkùn tó ń jẹ eegun nínú ihò.
Adìyẹ ìyàwó mi kò yé ẹyin títí di ọjọ́ kẹta.

Láago márùn-ún ìdájí, ó ní kí n jókòó sídìí sítíárì:
"Ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wà á."
A gba Ọ̀bà-Ilé jáde. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ṣófo.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Kí n má purọ́, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí,
ẹ̀yìn ń ro mí, eékún ń ro mí,
ṣùgbọ́n nǹkan kan tì mí láti ẹ̀yìn
bí ọwọ́ ìyá tó ń ti ọmọ lọ síléèwé,
mo sì pariwo orúkọ kan
tí kò sẹ́ni tó pè mí mọ́ láti kékeré.

A padà dé Ìjòkà, ojú ilé wọn.
Òkè sìmẹ́ńtì kan wà níbẹ̀
tí Akíngbàsọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ nítorí àwọn ọlọ́kadà,
ọdún mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀.
Gọ́ọ̀fù gùn ún. Ó há.
Táyà iwájú ti kọjá, táyà ẹ̀yìn kò tíì dé,
ikùn sinmi lórí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá.

Dúrótoyè bọ́ sílẹ̀, ó wo abẹ́, kò sọ̀rọ̀.
Ìyá rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé pẹ̀lú pákò lẹ́nu:
"Bàbá yín ló dì í mú.
Ẹ kí i kẹ́ ẹ tó wọlé."

Jáàkì wà nínú búùtù.
Mo lọ gbé e.